Wọ́n Pe Ọkọ Arlene ní Gbáàtúù

Àga onírin kan ni wọ́n fún Chet Pietras, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n sì gbé e sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú Arlene ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1991 ni, nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná ní ìlú Erie. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn tó ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ máa ń tẹ́ tábìlì síbẹ̀, tí wọ́n á máa rà, tí wọ́n á máa tà, tí wọ́n á máa ṣe pàṣípààrọ̀. Káàdì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: fọ́tò agbábọ́ọ̀lù kan wà níwájú, ìtàn rẹ̀ wà lẹ́yìn. Inú páálí ṣíńgọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń bá a jáde nígbà tí àwọn bàbá tó ń du káàdì yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Roland Beamish, ẹni tó ṣètò ọjà náà, ló tẹ Chet láago ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ àgbà. Ẹ wá bá wa jókòó, káwọn èèyàn rí yín, kẹ́ ẹ buwọ́ lu káàdì wọn." Chet kì í ṣe ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu. Ó ní òun á wá. Arlene lọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó tún un lọ nígbà tí kọ́là rẹ̀ kò dúró dáadáa.

Ọdún mẹ́ta péré ni Chet lò nínú ẹgbẹ́ àgbà, níbi tí àwọn ọ̀gá nídìí bésíbọ́ọ̀lù ti ń gbá, kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Ahánbọ́ọ̀lù ni. Òun ló ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi dání, òun ló ń fi ìka ṣe àmì fún ajubọ́ọ̀lù pé kó ju èyí yára, kó ju tọ̀hún kó yà sí ẹ̀gbẹ́, òun náà ló sì ń hán an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà, kò sì sí ọjọ́ kan tí Arlene gbọ́ kó fi bọ́ọ̀lù yangàn.

Níwájú gbọ̀ngàn, lórí pèpéle, Buck Tolliver jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sí. Àwòrán rẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà àwọn tó ń dúró dè é gùn títí dé ìta. Ajubọ́ọ̀lù ni Buck, òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ náà, ọwọ́ Chet sì ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tó jù lọ́dún 1962 bọ́ sí.

Arlene lọ bá Beamish. "Roland, kí ni ọkọ mi ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná? Ṣé sọ́sééjì lẹ pè é wá dín ni?"

"Màdáámù Pietras, ẹ má bínú," Beamish dáhùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà Buck. "Àyè ò sí mọ́ ni. Àti pé ibẹ̀ yẹn dáa, kò sẹ́ni tí ò ní gba ibẹ̀ kọjá, torí kọfí."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo èèyàn ló gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín wákàtí kan, ẹni méjì péré ló bá Chet sọ̀rọ̀. Ọ̀kan bi í léèrè ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà. Èkejì ní kó jọ̀ọ́ kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí òun má baà da kọfí sí i lára. Chet fi ọwọ́ júwe ilé ìyàgbẹ́, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bó ti lè ṣe é tó, nítorí orúnkún yẹn kì í fẹ́ ká mọ́. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa Arlene lára jù. Ó dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Chet bi í.

"Mo fẹ́ lọ wo ohun tí wọ́n ń tà."

Tábìlì àkọ́kọ́ tó kàn jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dwayne Lutz, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Káàdì Buck Tolliver wà lábẹ́ gíláàsì, ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ni wọ́n kọ sí i lára. Sísàlẹ̀ tábìlì ni àwọn páálí bàtà wà, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sí wọn lára: GBÁÀTÚÙ. MẸ́RIN, DỌ́LÀ KAN.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá," ni Dwayne wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

"Chet Pietras. Ti ọdún 1962."

"Ta ni?"

"Pietras. Ahánbọ́ọ̀lù."

Dwayne fi ẹsẹ̀ ti páálí kan síta. "Ẹ wò ó nínú ìyẹn. Gbáàtúù ni. Ẹ tiẹ̀ lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá ra nǹkan gidi."

Ìwé iye owó kan wà lórí tábìlì, irú èyí tí gbogbo àwọn oníṣòwò káàdì ń gbé kiri, tí wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n ń ta ohun gbogbo. Arlene ṣí i síbi ọdún 1962. Ó fi ìka tẹ̀ lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí Buck, ó rí àwọn méjì mìíràn tí wọ́n ti jọ jẹun rí. Kò rí Pietras. Ní ìparí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, gbáàtúù, ẹyọ kan, dọ́là kan. Ó tún un kà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta agbábọ́ọ̀lù ó lé ni wọ́n wà nínú ìlà kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí orúkọ ẹnì kankan.

"Orúkọ rẹ̀ ò sí níbí," ló wí.

"Gbáàtúù ò ń lórúkọ, ìyá. Nọ́mbà ni wọ́n ń ní."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọbẹ̀ mọ́sítádì kán láti inú búrẹ́dì tó ń jẹ sórí gíláàsì náà. Dwayne na ọwọ́ sínú páálí, ó fa káàdì kan yọ, ó fi etí káàdì náà ha mọ́sítádì ọ̀hún kúrò, ó sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

Arlene rí ojú ẹni tó wà lára káàdì náà kó tó balẹ̀. Gene Orlick ni, tí òun àti Chet jọ gbá bọ́ọ̀lù. Gene tó gbé Joanne ọmọ Arlene àti Chet lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Gene tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lójijì nígbà tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí Chet sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Ó tẹ̀ ba, ó ti ọwọ́ bọ inú ike ìdọ̀tí, ó mú káàdì náà jáde, ó sì fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nù ún.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe? Ìyẹn ò lè mú sẹ́ńtì mẹ́wàá pàápàá wá."

"Ọmọ kékeré," Arlene wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní tábìlì kejì gbọ́ ọ. "Ọkùnrin yìí lọ́mọ mẹ́ta. O fi ojú ẹ̀ nu mọ́sítádì."

"Káàdì ni mo fi nù ún. Ẹ ṣàánú mi jàre! Ojú èèyàn kọ́ ni mò ń tà. Ohun táráyé ń fẹ́ ni mò ń tà. Wọ́n ń fẹ́ Buck, wọn ò fẹ́ àwọn wọ̀nyí. Èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Buck yìí, ta ló ń sọ ohun tó máa jù fún un? Ta ló ń hán an? Tí kò bá sẹ́ni tó lóṣòó síwájú ẹ̀, ṣé ògiri ló fẹ́ máa sọ bọ́ọ̀lù lù? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Ẹ wá gbé ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì, ẹ ti èkejì bọ páálí bàtà!"

Dwayne gbé èjìká sókè. Arlene kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó tú páálí náà. Chet méjì ló bá níbẹ̀. Ó san sẹ́ńtì àádọ́ta lé wọn lórí, ó sì kó wọn sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Gene.

Kò ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti ra ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó wo gbọ̀ngàn náà yíká, ó rí i pé ogún tábìlì ló kù, ó sì mọ̀ pé abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni páálí bàtà wà. Kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ òun tó máa sùn sábẹ́ tábìlì lónìí.

Ní tábìlì kejì, sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tábìlì kẹta, àádọ́ta. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi í pé, "Pietras yẹn nìkan lẹ̀ ń fẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun nìkan. Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wò ó.

Nígbà tí yóò fi dé tábìlì karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti yọ Chet kúrò nínú páálí, ó ti fi í sínú ọ̀rá dídán, ó sì gbé e sórí tábìlì. Dọ́là méjì.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, páálí bàtà ló wà," ni Arlene wí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń wá a," obìnrin náà dá a lóhùn.

Ní tábìlì kẹjọ, dọ́là márùn-ún. Arlene ń gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ní ó dájú pé obìnrin yẹn mọ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní òun ti gbọ́ ọ rí pé nọ́mbà 374, ìyẹn káàdì Pietras, ṣọ̀wọ́n, pé bébà rẹ̀ tán nílé ìtẹ̀wé. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará New York ló rí i. Wọ́n ń ṣí páálí, wọ́n ń tú u. Àwọn tí wọn kò mọ Chet yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì wá ń pe orúkọ rẹ̀ káàkiri gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni Chet fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Arlene san dọ́là márùn-ún náà nítorí pé kò lè fi í sílẹ̀. Ó ti di méje. Ó ti yíjú pé kó máa padà lọ bá ọkọ rẹ̀ nígbà tí Dwayne Lutz sáré dé.

"Ìyá! Ìyá, ẹ dúró. Àwọn méjì tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ mi yẹn, ẹ jẹ́ kí n rà wọ́n padà. Dọ́là mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá, méjìlá."

Arlene wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló yí padà?"

"Ẹn?"

"Mo ní kí ló yí padà? Láàárọ̀, gbáàtúù ni. O ní kí n mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ó ti tún gba bọ́ọ̀lù kan láàárín wákàtí kan ni? Àbí orúnkún ẹ̀ ló ti san?"

"Orúnkún ta ni?"

"Orúnkún ọkọ mi! Òun ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ ra sọ́sééjì!"

Dwayne yíjú wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó rí ọkùnrin ẹlẹ́wù funfun náà. Arlene fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n kò tíì jókòó dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ Chet tí ìbínú mìíràn fi wá bá a níbẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó di ìwé ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Norbert Haas lorúkọ rẹ̀, lẹ́tà ló ń pín láàárín ìlú.

"Ẹ̀yin lẹ kó gbogbo 374 ilé yìí tán?" ló fi kí wọn.

"Èmi ni. Ìwọ náà fẹ́ fún mi ní dọ́là méjìlá?"

"Màdáámù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó! Káàdì ọdún 1962 jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó wọn jọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. 374. Mo ti rí méjì rí: ọ̀kan ti ká, ọ̀kan, ọmọ kan ti fi bírò ya irùngbọ̀n sí i lẹ́nu. Mo fi ọjọ́ ìsinmi mi wá síbí lónìí, mo dé, wọ́n ní obìnrin kan ti ń gbá wọn jọ bí ẹni gbá ewé. Èwo nìyẹn? Kí lẹ fẹ́ fi méje ṣe?"

Arlene bi í pé, "O ti ní Buck Tolliver?"

"Buck? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti rí Buck! Gbogbo ọmọdé ló tọ́jú Buck. Àwọn yòókù ni wọ́n há mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún, tí ìyá wọn kó dànù. Irú Pietras yìí, mélòó lẹ rò pé ó kù láyé tí etí ẹ̀ ṣì mú?"

Chet rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba àpamọ́wọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó to Chet méjèèje sórí tábìlì. "Mú èyí tó wù ọ́."

Norbert kò tíì wo ojú rẹ̀. Ó yọ awò kékeré kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn lórí. Àkọ́kọ́, etí rẹ̀ ti di róbótó. Èkejì, fọ́tò rẹ̀ fì sápá kan. Ẹ̀kẹta ní àbàwọ́n ṣíńgọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin ti ká díẹ̀, èèyàn kò lè rí i àfi tó bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹ̀karùn-ún, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i padà. Èyí tí Arlene san dọ́là márùn-ún lé lórí ni.

Chet ṣí bírò rẹ̀, ó na ọwọ́ láti buwọ́ lù ú.

"Rárá!" Norbert fa káàdì náà mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Ẹ máa bà á jẹ́."

Arlene dìde dúró. "Kí lo sọ? Ẹni tó ni ojú yìí ló jókòó síwájú ẹ, o ní orúkọ ẹ̀ máa ba ojú ẹ̀ jẹ́?"

Ìgbà yẹn ni Norbert wo Chet. Ó wo káàdì. Ó wo Chet lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó sórí páálí omi ọsàn kan tó wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ bèèrè bóyá páálí náà lè gbà á.

"Ẹ̀yin ni," ló wí.

"Èmi ni," Chet dáhùn.

"Sà, ẹ dákun. Kì í ṣe àrífín. Bí wọ́n ṣe jáde nínú páálí ṣíńgọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí. Tí Buck náà bá sọ̀kalẹ̀ wá báyìí, mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan tiẹ̀."

Ó ṣí ìwé ńlá náà. Ọ̀rá dídán ni ojú ewé rẹ̀, àpò mẹ́sàn-án ló wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àpò kan sì ṣófo. Ó ti Chet bọ inú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ti lẹ́tà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Buck Tolliver wà ní ojú ewé kan náà, ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àpò rẹ̀ kò fi nǹkan kan tóbi ju ti Chet lọ. Arlene gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ láì tọrọ àyè, ó ṣí i padà sẹ́yìn títí tó fi rí Gene Orlick. Ó mọ́, kò ní àbàwọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Arlene wò ó pẹ́, ó sì da ìwé náà padà.

"Èló ni kí n san?" Norbert bèèrè.

"Má san nǹkan kan," ni Chet wí.

"Ó máa san," ni Arlene wí. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń pè é láti àárọ̀. Dọ́là márùn-ún tí mo san, kó san án."

Norbert san án kíákíá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí obìnrin náà má yí ọ̀rọ̀ padà. Ó wá fà sún mọ́ Chet. "Sà, ẹ̀yìn káàdì yín ní ìka yín ṣẹ́ láàárín eré ọjọ́ kan, ẹ sì gbá a parí. Òótọ́ ni?"

Chet gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ìka kan níbẹ̀ kò dojú kọ ibi tí àwọn yòókù dojú kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Norbert pe ẹnì kejì rẹ̀ tó ń kó káàdì jọ bíi tirẹ̀, ìyẹn pe ẹlòmíràn. Nígbà tí yóò fi di aago kan ọ̀sán, àwọn mẹ́fà ti yí Chet ká, gbogbo wọn ló di ìwé ńlá mọ́ra, gbogbo wọn ló mọ nọ́mbà rẹ̀ lórí. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pa. Àwọn obìnrin tó ń ta sọ́sééjì ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà àwọn rí ọ̀nà kọjá. Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀.

Beamish sáré dé pẹ̀lú aṣọ pupa kan lọ́wọ́. "Chet, ẹ jẹ́ ká gbé yín wá síwájú. Mo ti rí àyè."

"Níbo lo ti rí i?" Arlene bi í. "Ṣé ilẹ̀ ló la ẹnu láàárín gbọ̀ngàn? Ibi tẹ́ ẹ gbé e sí nìyí, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó máa bọ̀ níbí."

Beamish ká aṣọ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó jáde. Yìnyín àkọ́kọ́ ti ọdún náà ti ń fẹ́ wá láti orí adágún tó wà lẹ́bàá ìlú náà. Chet ló ń wa mọ́tò, ó ń fi ẹnu kọrin. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó Joanne. Ó fi ojú wo ìyàwó rẹ̀.

"Inú ṣì ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi."

"Ó ti parí báyìí, Arlene. Èèyàn dáadáa làwọn mẹ́fà yẹn."

"Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Èmi ò bá wọn bínú. Ṣebí òótọ́ ni, ọdún mẹ́ta péré ni mo gbá. Tí wọ́n bá pè mí ní gbáàtúù, kí ló bà jẹ́?"

"Ìwọ lè dárí jì wọ́n, ìwọ ló wà lórí káàdì," Arlene wí. "Èmi ni mo gé irun tó wà lórí ẹ nínú fọ́tò yẹn. Yàrá ayágbé la wà ní Florida, níbi tẹ́ ẹ ti ń gbára dì fún ìdíje ọdún náà, oyún oṣù méje wà nínú mi, a ò lówó tá a máa fún onígbàjámọ̀. Mo gé e, mo wẹ ọrùn ẹ, mo ní kó o má rẹ́rìn-ín jù kí wọ́n má baà rí eyín tó ṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n ò kọ sínú ìwé wọn yẹn, èmi náà ló ń jẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Chet dáwọ́ orin dúró.

"Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí," ló wí.

"Mo mọ̀ pé o ò rò ó," Arlene dáhùn. "Rọra máa wa mọ́tò. Ọ̀nà ń yọ̀."